Ajá Kòkànyín àti Ọ̀rọ̀ Tí A Pè ní Èébú

Ilé Màámi,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Onítẹ̀bọmi,
Ìwó.
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Jemimah,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú àmúmọ́ra. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kó bá yín pẹ̀lú ojú tó ń ríran kedere àti ara tó dá ṣáṣá. Èmi náà wà láàyè. Apá òsì mi ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora tó nídìí ni, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín kí ìwé yìí tó parí.

Ẹ má bínú bí ìkọ̀wé mi bá wọ́ níbì kan. Lọ́jọ́ tí ẹ ń di ẹrù yín, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ ní, "Ìníolúwa, ìgbà tó o bá lè fi èdè Màámi sọ̀rọ̀ Màámi fún mi, ìgbà yẹn ni kó o wá. Gẹ̀ẹ́sì tó o ń já lù mí yìí, mi ò gbọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín ni nígbà tí àbúrò Bàámi mú mi lọ sí Mánṣẹ́sítà, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu mi ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọdún tí mo wá fi jókòó ti Màámi yìí ni mo fi kọ́ èdè wa padà, ẹ̀yin méjèèjì sì ni olùkọ́ mi. Ẹ wá gba iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ fún mi o.

Mo ti wá sí orí òkè àdúrà yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kuta. Mo wá lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì tún wá lánàá. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ní àwọn máa ń gba fóònù gbogbo ẹni tó bá wọlé, àwọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ààwẹ̀ rí àlejò. Nígbà tí mo ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ẹ tiẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ṣáájú: "Bí àbúrò mi bá dé, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ń jẹun nílé ẹni tó pa ìyá wa." Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀ mí lágbárí. Ṣùgbọ́n bàbá náà ṣàánú mi, wọ́n ní àwọn kì í dá ìwé padà. Ìwé wá ń wọlé síbi tí èmi ò lè wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú kí n tó sọ ọ́ ní gígùn. Àǹtí mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lónìí ká jọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ohun tó pa Màámi lè ti wọ ara ẹ̀yin náà. Bó bá wà níbẹ̀, ó ń sùn ni. Nígbà tó bá ṣì ń sùn, abẹ́rẹ́ ń pa á. Bó bá jí, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí àgbo, kò sí dókítà kan tó mọ ohun tí òun lè ṣe sí i. Bí ẹ bá fẹ́ dá kíkà dúró síbí, ẹ dá a dúró, ẹ wọ bàtà yín, ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kì í gbẹ́sẹ̀ láìgbọ́ ìdí. Nítorí náà, mo fẹ́ rán yín létí ohun tí ojú àwa méjèèjì rí, bó ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ fi ojú ara yín tún un wò.

Ẹ rántí bí Màámi ṣe rí. Wọ́n ń se oúnjẹ fún odidi ilé-ìwé, síbẹ̀ wọ́n á ti gbá ọgbà ẹran wọn kí àkùkọ tó kọ. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á máa bọ̀ wálé pẹ̀lú agbọ̀n èèpo iṣu lórí, ewúrẹ́ àdúgbò á sì tò lẹ́yìn wọn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àtẹ́lẹwọ́ wọn le bí awọ, ṣùgbọ́n bí adìyẹ bá kán lẹ́sẹ̀, ọwọ́ kan náà ni wọ́n ń fi igi ọwọ̀ àti àkísà dì í tí adìyẹ náà ò ní ké. Bí wọ́n bá dé, àwọn ẹran ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí: "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé mi." Bó bá di dandan kí á ta òbúkọ kan, Màámi á ti gba Ilé-Ogbó lọ láàárọ̀, kí ojú wọn má baà rí okùn lọ́rùn rẹ̀. Ẹ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màámi, kí ẹ tó lè fẹ́ràn mi, àfi kí n hu ìrù." Wọ́n á ní, "Bó o bá hu ìrù, wàá kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi dúpẹ́."

Mi ò lè gbàgbé ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ajá ọdẹ ilé-ìwé ya ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé, ó ń hó bí ìkòkò. Màámi ki ọwọ́ bọ inú ẹnu rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, wọ́n fa egungun ẹran kan jáde, ajá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá wọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ẹnu ajá kò ti bà wọ́n mọ́ rárá. Mo máa ń ronú nípa àtẹ́wọ́ yẹn báyìí.

Obìnrin jẹ́jẹ́ yìí kì í bú èèyàn. Ajá ló máa ń bá wọn bú ẹni tó bá ṣẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ àṣà yìí tẹ́lẹ̀. Níbi tí mo dàgbà sí, orúkọ oúnjẹ ni wọ́n ń sọ ajá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé nílẹ̀ wa, orúkọ ajá máa ń ní àdírẹ́sì. Ẹ sì sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi: ewúrẹ́ Màámi jẹ èlùbọ́ tí Ìyá Àsmá'ù, aládùúgbò wa lẹ́yìn ògiri, sá sójú oòrùn. Ìyá Àsmá'ù pariwo, "Ìyá Jemimah, ẹran kì í ṣe ọmọ o! Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín yìí nílé!" Màámi bẹ̀ wọ́n, wọ́n bu èlùbọ́ tiwọn dí i, wọn ò sì fèsì kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba ọmọ ajá tuntun, wọ́n sọ ọ́ ní Kòkànyín. Tàárọ̀ tàṣálẹ́, wọ́n á dúró lẹ́bàá ògiri: "Kòkànyín! Kòkànyín o! Máa bọ̀ wá jẹun!" Mùsùlùmí ni Ìyá Àsmá'ù, wọn kì í sin ajá, ṣùgbọ́n wọ́n ní àgbò. Kò pẹ́ tí ohùn fi dá àwa náà lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri: "Ókànmí dà? Ẹ bá mi mú Ókànmí wọlé o, ojú ọjọ́ ti ṣú!" Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Ilé méjì ń jà, ẹran ni wọ́n ń pè, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó lè fo ògiri yẹn tí kò ní di ọfà kó tó balẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, Kòkànyín yí padà. Ó ń sá wọ abẹ́ àga, ó ń kọjú sí kọ̀rọ̀. Gbígbó rẹ̀ di ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí, bí ẹni tó fẹ́ kọrin tí ọ̀fun rẹ̀ dí. Bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan, àgbọ̀n rẹ̀ ti já sílẹ̀, itọ́ ń ṣe yòò lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àsmá'ù yọjú níbi tí ògiri ti ya. Wọn ò tiẹ̀ kí wa. Wọ́n ní, "Ìyá Jemimah, ajá yín ti ń dìgbòlugi o. Ẹ so ó mọ́lẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Màámi ò gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Àsmá'ù. Àbí ẹ ti gbàgbé orúkọ ẹ̀ ni?"

Ìyá Àsmá'ù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin yìí, mi ò ṣeré o."

Ẹ̀yin náà ní, "Ẹ máa lọ tọ́jú Ókànmí, mà. Ó dà bí ẹni pé ebi ń pa á."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú Màámi. Mo bi yín pé kí ni wọ́n ń pè ní dìgbòlugi. Ẹ ní, "Èébú ni jàre. Wọ́n ń sọ pé orí wa dàrú." Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ẹ ò sì purọ́ fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgboro: ọlọ́kadà tó bá sáré jù, "ajá dìgbòlugi"; ọmọ tó bá ń janpata, "ó ń ṣe bí ajá dìgbòlugi." Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ orúkọ nǹkan kan kó tó di èébú, àti pé nǹkan náà ṣì ń rìn kiri.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Màámi tẹjú mọ́ ẹnu Kòkànyín tí kò lè pa á dé. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń jẹ́ kí ọmọ olọ́mọ máa jìyà. Egungun ló há a lọ́fun." Wọ́n ní kí ẹ wá bá wọn di ẹnu rẹ̀ mú. Ọ̀bẹ ti gé yín níka ọwọ́ òsì láàárọ̀ níbi tí ẹ ti ń họ iṣu, ẹ fi àkísà kan dì í. Ẹ di àgbọ̀n ajá náà mú, Màámi sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń wá egungun. Wọ́n wá a wá a. Kò sí egungun kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa ọwọ́ yọ, ilà pupa tín-ínrín kan wà lẹ́yìn ọwọ́ wọn, bí ìgbà tí ẹ̀gún bá fa ni. Mo tọ́ka sí i. Màámi fi etí ìró nù ún, wọ́n ní, "Kò gé mi jẹ. Eyín ẹ̀ ló kàn fara rà mí." Gbogbo àkókò yẹn, itọ́ ajá náà ń ro sí yín lọ́wọ́. Mo rí i. Àkísà tó wà níka yín rin gbingbin. Ẹ̀yìn tí ẹ ti fún ewúrẹ́ lóúnjẹ ni ẹ tó tú u, tí ẹ jù ú nù. Àǹtí mi, nítorí àkísà yẹn ni mo ṣe ń kọ gbogbo ìwé yìí.

Kòkànyín ò jẹ, kò mu, kò lè dúró. Ẹ̀yìn ilé pẹ́pẹ́yẹ ni a ti bá òkú rẹ̀. Màámi sunkún bí ẹni tó sin ọmọ, wọ́n ní ẹnì kan ló fún un ní májèlé jẹ. Ògiri Ìyá Àsmá'ù ni ẹ̀yin ń wò.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, ojú ibi tí eyín ti fa Màámi ti san, a ò rántí rẹ̀ mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé èèrà ń tò lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà, ibà dé. Lẹ́yìn ibà, wọ́n ní kí a pa fáànù, atẹ́gùn ń bà wọ́n lẹ́rù. A rò pé òtútù ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bu omi sí ife, mo mú oògùn dání, mo gbé e tọ̀ wọ́n lọ. Kí ife náà tó kan ètè wọn ni ọ̀fun wọn fò sókè, odindi ara wọn sì gbọ̀n. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ife náà dànù. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ètè wọn ti la, wọ́n sì ń wo omi tó dà sílẹ̀ bí ẹni ń wo ejò. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e kúrò lójú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé e kúrò." Àwọn ewúrẹ́ ti kó jọ sábẹ́ fèrèsé, wọ́n ń ké, nítorí ẹnikẹ́ni ò rántí wọn. Àárín ìgbọ̀nrìrì yẹn ni Màámi ti ń bi wá, "Ta ló fún wọn lóúnjẹ?"

Nílé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, dókítà náà béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Ó ní, "Ṣé ajá gé wọn jẹ?" Ẹ ní, "Rárá, sà." Mo dúró tì yín, èmi náà mi orí pé rárá. Kò sẹ́ni tó purọ́. Ìbéèrè náà ló kéré ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Màámi ti lọ.

Ọjọ́ tí a sin wọ́n, Ìyá Àsmá'ù gba ẹnu ọ̀nà wọlé láti kí wa. Ẹ dìde níwájú gbogbo ìjọ, ẹ ní, "Ẹ wá wo iṣẹ́ ẹnu yín ni? Ẹ ní yóò dìgbòlugi, ó dìgbòlugi. Ẹ ní kí a má fọwọ́ kàn án, ẹni tó fọwọ́ kàn án ti kú. Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ fi ẹnu ṣẹ?" Wọ́n yí padà, wọ́n gba ilé wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ gba orí òkè lọ.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe dé ilé Ìyá Àsmá'ù. Mo lọ bá wọn jà ni. Mo kó gbogbo èébú tí mo mọ̀ lédè Yorùbá jọ, mo sì dà wọ́n sílẹ̀ lójúde wọn. Wọ́n jẹ́ kí n parí. Wọ́n ní, "O pe ti ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ìyá ẹ ló kọ́ ẹ, àbí ẹ̀gbọ́n ẹ?" Mo bú sẹ́kún. Wọ́n fà mí jókòó, wọ́n wá ń sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ: "Àbúrò mi kan wà tó ń jẹ́ Rájí. Ajá ló pa á ní Ilé-Ogbó, èmi ni mo sì ń gbé omi fún un. Ó ń sá fún mi bí ẹni pé idà ni mo mú dání. Ọjọ́ tí mo rí àgbọ̀n ajá yín tó já sílẹ̀, Rájí ni mo rí. Mo sáré wá sọ ọ́. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni àwa ń pe àìsàn náà. Bó bá ní orúkọ mìíràn tí kì í ṣe èébú, ìyẹn ni ǹ bá fi sọ ọ́ fún ìyá rẹ." Ẹ̀bà tí wọ́n gbé síwájú mi lọ́jọ́ náà ni oúnjẹ ọ̀tá tí ẹ gbọ́ pé mo ń jẹ.

Àwa méjèèjì la jọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún dókítà obìnrin kan, láti orí itọ́ dé orí omi. Ó ní kò dìgbà tí ajá bá gé èèyàn jẹ. Itọ́ rẹ̀ lásán lójú ọgbẹ́ ti tó. Ó ní àìsàn náà lè sùn sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó lè sùn fún oṣù mélòó kan, ó máa ń yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí òmíràn. Ó bi mí pé ta ló tún fara kan ajá náà. Mo ní èmi fọ abọ́ rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń dùn mí lápá yìí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi di ẹnu rẹ̀ mú, ọgbẹ́ sì wà níka rẹ̀. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Níbo ló wà?" Mo ní orí òkè. Ó ní, "Ẹ lọ mú un wá. Bí kò bá tíì ṣe é ní nǹkan kan, kò tíì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la."

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní Ọlọ́run ni oníṣègùn yín. Mo gbà. Màámi gbàdúrà lórí gbogbo adìyẹ tó kán lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ wọn ò gbàgbé láti dì í.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Mo rò pé mo mọ ìdí tí ẹ fi di Ìyá Àsmá'ù mú ṣinṣin bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀tá, ẹ rò pé ó ku ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ lè dá lẹ́bi, ìyẹn ẹni tó di ẹnu ajá mú, tó tún rán Ìyá Àsmá'ù padà sídìí àgbò wọn. Àǹtí mi, kì í ṣe ẹ̀yin. Màámi ló ní kí ẹ dì í mú, àánú ló sì ti ọwọ́ wọn bọ ibẹ̀. Bí ẹ ò bá dì í mú, wọn á pè mí, èmi náà á sì dì í mú. Ta ni nínú wa tó lè sọ fún Màámi pé kí wọ́n fi ẹran tó ń jìyà sílẹ̀?

Ìbá dára bí mo bá lè parí rẹ̀ síbí. Ṣùgbọ́n lánàá, bí mo ṣe fẹ́ kúrò lẹ́nu géètì, bàbá náà fi yín yangàn fún mi kí inú mi lè dùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ le nínú ẹ̀mí o! Àwọn yòókù ń mu omi bí oòrùn bá ti wọ̀. Òun ò fi ẹnu kan omi láti ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e dé iwájú ẹ̀, ńṣe ló ń yí ojú kúrò." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ fún ara mi ní gbogbo ọ̀nà pé ààwẹ̀ ni. Mo ṣì ń sọ ọ́ fún ara mi báyìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ààwẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́run tó mọ iye ìyẹ́ lára ẹyẹ mọ ibi tí ẹ wà lórí òkè yẹn. Kí ó má jẹ́ kí n pe orúkọ yín kí ẹ má dáhùn. Kí a jọ hu ewú, kí a jọ máa jà lórí ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè. Kí ilé yìí má ṣófo lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan. Àwọn ewúrẹ́ wà dáadáa, mo ń fún wọn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohùn mi, ẹ̀yin ni wọ́n ń wá.

Èmi ni àbúrò yín, akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún yín,

Ìníolúwa.

Àfikún: Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, lẹ́nu géètì yín. Mo so píọ̀ wọ́tà kan mọ́ ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ṣínu, Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹ kọ èsì. Kí bàbá yìí ṣáà gbé ọ̀rá rẹ̀ jáde fún mi. Ìyá Àsmá'ù ló jókòó tì mí. Wọ́n ní àwọn ò ní sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ má baà rí àwọn kí ẹ yí padà. Bí ọ̀rá náà bá jáde ní òfìfo, a ó dúró kí ẹ rọra di ẹrù yín. Bó bá jáde pẹ̀lú omi nínú, n ó mọ̀ pé kì í ṣe ààwẹ̀, n ó sì fo odi yìí wọlé wá bá yín, kí ẹ má baà dá nìkan wà.